Kọ̀ǹpútà Kejìlá

Kọ̀ǹpútà mọ́kànlá ló wà nínú ilé iṣẹ́ náà. Rọra ti kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti gbé ọwọ́ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí bí ẹni tó ń ka ọmọ níbi tí èrò pọ̀ sí. Mọ́kànlá géérégé. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọlọ́pàá tẹ̀ jáde láti inú ìyá ẹ̀rọ, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo ímeèlì ilé iṣẹ́ ń gbà kọjá. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà ni pé orí kọ̀ǹpútà kejìlá ni lẹ́tà ọjọ́ Ajé ti jáde, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje òwúrọ̀.

Lẹ́tà náà kò gùn. "Ẹ kó gbogbo aláìsàn kúrò nínú ilé alájà tó wà lẹ́yìn lónìí. Òpó ìsàlẹ̀ ti sán. Ẹ má dúró dọ̀la." Orúkọ Ọ̀gá Àgbà ló wà lórí rẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí. Nítorí pé iṣẹ́ ilé iṣẹ́ yìí ni láti máa yẹ ilé wò, kí wọ́n sọ èyí tó ṣeé gbé àti èyí tí kò ṣeé gbé, àwọn ará ilé ìwòsàn ò bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Aláìsàn mẹ́tàlélógójì ni wọ́n gbé jáde sínú òjò. Níbi tí wọ́n ti ń sáré, ìyá arúgbó kan já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń gbé e, egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́.

Ọ̀gá Àgbà ní òun ò kọ nǹkan kan. Òótọ́ ni, nítorí ní aago mẹ́wàá yẹn, iwájú ogún èèyàn ló wà nínú ìpàdé. Ó ní kò sí òpó kankan tó sán, pé ẹnì kan ló fẹ́ ba òun lórúkọ jẹ́. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n ti lọ mú oníkọ̀ǹpútà tó wá so ímeèlì mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́, nítorí òun nìkan ló mọ pásíwọ́ọ̀dù gbogbo wọn.

Ọjọ́rú rèé, wọn ò tíì fi í sílẹ̀.

Rọra kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi pè é, nítorí pé láti ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, kò sẹ́ni tó rí i kó sáré rí. Wọ́n á ti mú afurasí mẹ́ta, wọ́n á ti tú mẹ́ta sílẹ̀, Rọra á ṣì jókòó síbi kan, á máa wo ìwé kan ṣoṣo. Wọn kì í sábà tẹ̀ lé e jáde mọ́. Òun náà kì í sì pe ẹnikẹ́ni.

Ó ká ìwé náà sínú àpò, ó lọ bá akọ̀wé Ọ̀gá Àgbà.

*

Akọ̀wé náà jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú rẹ̀ ti wú. Kó tó sọ̀rọ̀, Rọra ti gbé kíbọọ̀dù Ọ̀gá Àgbà sókè. Bébà pélébé kan wà lábẹ́ rẹ̀, pásíwọ́ọ̀dù wà lórí bébà.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni, mà. Wọ́n máa ń gbàgbé ẹ̀, wọ́n á wá máa pariwo mọ́ mi."

"Ẹ̀yin náà wà nínú ìpàdé ọjọ́ Ajé?"

"Mo wà níbẹ̀, mà."

"Látìbẹ̀rẹ̀ dópin?"

"Mo jáde díẹ̀."

"Aago mélòó?"

"Mẹ́wàá... ó lé díẹ̀." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Mi ò dé ìdí kọ̀ǹpútà o, mà! Orí àkàbà ni mo wà. Ọkọ mi ló wà lókè òkun. Aago mẹ́wàá yẹn nìkan ni wọ́n máa ń fún un láyè sinmi níbi iṣẹ́. Tí mi ò bá pè é nígbà yẹn, ó dọjọ́ kejì nìyẹn."

Ó na fóònù rẹ̀ sí Rọra. Ìpè náà wà níbẹ̀ lóòótọ́: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sì gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Rọra dá fóònù padà fún un jẹ́jẹ́. Ó mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ náà wà lọ́nà jíjìn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń gbúròó ara wọn.

"Ta ló tún mọ̀ pé bébà yìí wà níbí?"

"Gbogbo wa, mà." Ó fi ìka nu ojú. "Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ìgbà tí oníkọ̀ǹpútà ń kọ́ wa, ojoojúmọ́ ló ń pariwo pé ká má kọ pásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ó tiẹ̀ kọ ìlànà sórí ìwé kan fún wa, ohun téèyàn máa tẹ̀ àti ibi tó máa tẹ̀ ẹ́. Mo ṣe ẹ̀dà ẹ̀ méjìlá."

Rọra gbójú sókè. "Méjìlá? Kọ̀ǹpútà mọ́kànlá kọ́ lẹ ní ni?"

"Bàbá Fáìlì ló tọrọ ọ̀kan." Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń sunkún. "Bàbá tó ń tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ nísàlẹ̀ ilé. Wọn ò ní kọ̀ǹpútà. A bi wọ́n pé, 'Bàbá, orí tábìlì ni ẹ fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ ni?' A rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ká ìwé wọn, wọ́n lọ."

*

Nínú àhámọ́, oníkọ̀ǹpútà jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Géńdé ni, ṣùgbọ́n òru méjì ti sọ ọ́ di arúgbó.

"Ìwọ lo mọ pásíwọ́ọ̀dù gbogbo wọn?" Rọra bi í.

"Èmi ni, mà. Ṣùgbọ́n pásíwọ́ọ̀dù ò kan ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti ń sọ ọ́ látọjọ́ Ajé, wọn ò jẹ́ kí n parí ẹ̀."

"Parí ẹ̀ fún mi. Mi ò kánjú."

Ó wo ojú Rọra bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó sún mọ́ irin ẹnu ọ̀nà àhámọ́.

"Ìyá ẹ̀rọ wọn yẹn ti gbó, mà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba lẹ́tà tiyín, á bi yín ní pásíwọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́, kò ní bi yín ní nǹkan kan. Ó gbà pé ẹni tó bá ti wà lórí wáyà inú ilé, ará ilé ni. Orúkọ tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀, òun ló máa gbé jáde. Bí ẹ̀yìn àpò lẹ́tà ni: ẹ lè kọ orúkọ ọba sí i, wọ́n á gbé e lọ."

"Ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ Ọ̀gá Àgbà kọ lẹ́tà?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ tó wà lórí wáyà. Mo bẹ Ọ̀gá Àgbà kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní kí n fi èyí tó wà ńlẹ̀ ṣe é."

Rọra rò ó wò. Bọ́rọ̀ bá rí báyìí, ẹ̀sùn tí wọ́n fi mú ọkùnrin yìí ti túká. Bébà abẹ́ kíbọọ̀dù náà ò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Kì í ṣe ẹni tó mọ pásíwọ́ọ̀dù ló yẹ kí òun máa wá. Ibi tí ẹ̀rọ wà ló yẹ kí òun wá.

"Ẹ̀rọ mélòó lo so mọ́ wáyà yẹn?"

"Mọ́kànlá."

"Ìyá ẹ̀rọ ní kejìlá wà."

Oníkọ̀ǹpútà gbá iwájú orí ara rẹ̀. "Ògiri yẹn!"

"Ògiri wo?"

"Wáyà ayé àtijọ́ ni tiwọn, mà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló gba ẹ̀yìn gbogbo tábìlì kọjá, látorí ọ̀kan dórí èkejì. Orí méjèèjì wáyà náà gbọ́dọ̀ ní ìdérí irin kékeré kan, bí ọmọrí ìgò. Tí ọ̀kan bá ṣí sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, gbogbo kọ̀ǹpútà á dákẹ́. Mo rí ìdérí kan ní yàrá akọ̀wé. Èkejì ni mi ò rí. Wáyà náà wọ inú ògiri lẹ́yìn àkàbà, kò sì jáde mọ́. Mo bi wọ́n, wọ́n ní kò sí nǹkan kan lódì kejì. Nígbà tí iṣẹ́ sì ti ń lọ dáadáa, mi ò wá a mọ́."

"Tí iṣẹ́ bá ń lọ dáadáa," Rọra ní, ó sì ń dìde, "a jẹ́ pé ìdérí kejì wà níbì kan."

*

Ó padà sí ilé iṣẹ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti yàrá akọ̀wé. Ó fi ìka tọ wáyà dúdú náà lẹ́yìn tábìlì, ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó tún kúnlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé ẹsẹ̀ sókè fún un bí ẹni tí wọ́n ń gbálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Tábìlì mọ́kànlá. Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, wáyà náà bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ògiri dé ẹ̀yìn àkàbà, ó sì wọ ihò kan lọ.

Rọra gba ẹ̀yìn àkàbà yí po. Ilẹ̀kùn kan wà ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kìkì àmì ìṣó mẹ́rin níbi tí orúkọ kan ti wà tẹ́lẹ̀. Ó tì í. Kò tì pa.

Ohun tó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni pé inú yàrá náà mọ́. Wọ́n gbá ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n nu fèrèsé. Àkẹtẹ̀ irin tí wọ́n ń dé níbi ilé kíkọ́ wà lára ìṣó, kò sí eruku lórí rẹ̀. Àga méjì ló kọjú síra. Lórí tábìlì ni kọ̀ǹpútà kan wà, ó tóbi bí àpótí, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí eyín arúgbó, ìdérí irin kékeré kan sì ń dán lẹ́yìn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ń kùn wúwú. Ó wà ní títàn.

Ìwé ìlànà oníkọ̀ǹpútà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lókè rẹ̀. Rọra sún mọ́ ọn, ó kà á láti òkè délẹ̀. Nígbà tó dé ìlà kẹta, ó tún un kà. "Níbi tí wọ́n bá ti bèèrè orúkọ àti àdírẹ́sì, kọ ọ́ báyìí, bí àpẹẹrẹ." Àpẹẹrẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ Ọ̀gá Àgbà àti àdírẹ́sì Ọ̀gá Àgbà.

Rọra fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹni tí òun ti ń wá látàárọ̀ bí ọ̀daràn ayédèrú, ó lè jẹ́ pé kò yí orúkọ ẹnikẹ́ni rárá.

"Ẹ káàsán o, ọmọ mi."

Bàbá arúgbó kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ife tíì méjì lọ́wọ́. Ẹ̀wù rẹ̀ gbó ṣùgbọ́n wọ́n lọ̀ ọ́ dáadáa. "Àlejò kì í wọ ibí. Ife méjì ni mo ṣáà máa ń bù. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ ni."

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ̀yin ni Bàbá Fáìlì?"

"Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn."

"Ọlọ́pàá ni mí, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé?"

"Èmi ni," Bàbá ní, láìṣẹ́jú. Ó gbé ife kan fún un. "Ṣé wọ́n fèsì ni?"

Ìbéèrè yẹn bá Rọra lójijì. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àga méjèèjì. "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi orúkọ Ọ̀gá Àgbà sí i?"

"Orúkọ ta ni?"

Rọra nàka sí ògiri. Bàbá gbé ojú sókè, ó wò ó pẹ́.

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Wọn ò fún mi ní àdírẹ́sì kankan. Mo rò pé bí ìwé lẹ́tà ilé iṣẹ́ ló rí, tí orúkọ Ọ̀gá máa ń wà lórí ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó wù kó kọ ọ́."

"Ẹ ò sì buwọ́ lù ú."

"Mo rò pé ẹ̀rọ mọ ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀."

*

Rọra ò tẹ ọ̀rọ̀ síwájú kíákíá. Ó mu tíì. Ó jẹ́ kí Bàbá sọ ọ́ bó ṣe fẹ́.

Yàrá yìí, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Òpó ló ni ín. Òun ló ń lọ yẹ ilé wò káàkiri, tó ń fi ọmọ òòlù kan òpó, tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó lé lógún ọdún tí òun àti Bàbá Fáìlì jọ ń mu tíì níbí ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ọdún méjì sẹ́yìn ló kú. Wọ́n kó ìwé rẹ̀, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn, wọ́n gbàgbé kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Èmi ni wọ́n ní kí n tilẹ̀kùn," Bàbá ní. "Mi ò tì í. Mo ń wá síbí. Mi ò ṣe nǹkan kan, mo kàn ń jókòó. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí n tan ẹ̀rọ ẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìwé tó kọ sílẹ̀ kó tó kú: òpó ilé ìwòsàn ti ń sán, kí wọ́n kó èèyàn kúrò ńbẹ̀. Mo dà á kọ, mo gbé e fún Ọ̀gá Àgbà. Kò sí èsì. Lọ́dún tó kọjá, mo tún gbé e lọ. Ní oṣù tó kọjá, mo tún gbé e lọ."

"Ẹ ní ẹ̀rí?"

Ó wo Rọra bí ẹni tí wọ́n bú. "Ọmọ mi, èmi ni mo ń tọ́jú ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n buwọ́ lù ú fún mi pé ó tẹ àwọn lọ́wọ́."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ Ajé?"

"Lọ́jọ́ Àìkú, mo gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà ayé ìyá yẹn, bíléèdì nìkan ló lè wọ ojú ibi tó sán yẹn. Mo ki ìka mi bọ̀ ọ́." Ó gbé ìka ìfábẹ̀lá sókè. "Ó wọlé tán."

Rọra gbé ife sílẹ̀. "Bàbá, ìyá arúgbó kan ṣubú nígbà tí wọ́n ń kó wọn jáde. Itan ẹ̀ ṣẹ́."

Bàbá wá àga kejì, ó jókòó lé e. "Ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè. Wọ́n ti to egungun ẹ̀. Ṣùgbọ́n oníkọ̀ǹpútà wà ní àhámọ́ látọjọ́ Ajé lórí lẹ́tà yìí."

"Oníkọ̀ǹpútà? Ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn?" Ó ti dìde. "Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi?"

Ojú ti Rọra. Àwọn ọlọ́pàá ti fọ̀rọ̀ wá gbogbo òṣìṣẹ́ tó ní kọ̀ǹpútà lẹ́nu wò, mọ́kànlá péré. Òun gan-an ló buwọ́ lu àkọsílẹ̀ náà. Fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé ń gbóná lókè, kò sẹ́ni tó rántí pé ẹnì kan wà nísàlẹ̀.

*

Ọ̀gá Àgbà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí Rọra gbé ìwé Bàbá Fáìlì tí wọ́n fi buwọ́ gba lẹ́tà kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ta ló buwọ́ lu ibí yìí, sà?"

"Ìwé pọ̀ lórí tábìlì mi, màdáámú."

"Ibí yìí ńkọ́? Ibí yìí ńkọ́?"

Ẹ̀rín náà gbẹ. "Bàbá yẹn ti dàgbà. Ta ló máa ń ka ohun tó bá kọ?"

"Ilé ìwòsàn kà á," Rọra ní.

Kó tó di aago márùn-ún, àwọn ẹnjiníà ti dé ilé alájà náà. Nígbà tí wọ́n ha símẹ́ńtì ara òpó ìsàlẹ̀, irin inú rẹ̀ ti jẹrà di lẹ́búlẹ́bú, ó ń dà sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rọra tẹsẹ̀, wọ́n sì fi okùn dí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọlọ́pàá ní kí Ọ̀gá Àgbà wá ṣàlàyé ara rẹ̀ ní àgọ́ wọn. Wọ́n tú oníkọ̀ǹpútà sílẹ̀. Bàbá Fáìlì náà kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin, láìsí àṣìkọ kan ṣoṣo, wọ́n sì ní kó máa lọ.

Dípò kí oníkọ̀ǹpútà gba ilé lọ, ilé iṣẹ́ náà ló tẹ̀ lé Rọra dé. Nínú àpótí lẹ́tà Ọ̀gá Àgbà, èsì mẹ́ta ló bá láti ilé ìwòsàn, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí. Ó tẹ̀ wọ́n jáde, wọ́n jọ gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Bàbá.

"Wọ́n fèsì, Bàbá," Rọra ní. "Ọjọ́ Ajé náà ni wọ́n ti fèsì. Àdírẹ́sì Ọ̀gá ni wọ́n kọ ọ́ sí."

Bàbá gba ìwé náà, ṣùgbọ́n kò tètè wò ó. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í. Mo ní bóyá kò lọ. Mo ní bóyá mo ṣe é ṣì."

Àgbà nọ́ọ̀sì ló kọ èyí àkọ́kọ́. "A ti rí lẹ́tà yín. A ti ń kó wọn. Ọmọ tuntun mẹ́ta wà nínú wọn, gbogbo wọn ti wà níta. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ fún wa."

Bàbá kà á tán, ó tún un kà, ètè rẹ̀ ń mì. Oníkọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ mọ́ kíbọọ̀dù, ó ń ṣí àdírẹ́sì tuntun fún un, orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ gan-an ló sì bi í. Bàbá pè é fún un lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì.

Nígbà tó parí, Bàbá yíjú sí Rọra. "Ẹ̀yin náà ní àdírẹ́sì?"

"Mo ní. Ìwé ìpàdé nìkan ló ń wọ ibẹ̀." Ó kọ ọ́ sórí bébà fún un. "Kí lẹ fẹ́ kọ sí mi, Bàbá?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti ní ẹni tí mo lè kọ nǹkan sí."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí Rọra tó bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀, ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìwé ìpàdé mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àti lẹ́tà kan tí kò ju ìlà kan lọ.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ délé láyọ̀ lánàá? Mi ò gbọ́."

Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó délé. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, kò kánjú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì.